Orí ń Fọ́ Mi: Ìtàn Bí Orúkọ Ẹ̀yà Ara Ti So Yorùbá àti Sípéènì Pọ̀

Ẹni tí ó bá gba ọ̀nà márosẹ̀ láti Mile 2 lọ sí Àgbádárìgì yóò kọjá lẹ́bàá Festac Town, kò sì ní pẹ́ tí yóò fi dé Abúlé Adó, ní àgbègbè Àmùwò-Ọ̀dọ̀fin. Lójú ọ̀pọ̀ èrò, ibùdókọ̀ kan lásán ni Abúlé Adó jẹ́, níbi tí a ti ń sọ̀ kalẹ̀ tí ọkọ̀ sì ń dí ara wọn lọ́nà. Ṣùgbọ́n lójú ẹni tí ó ń ka ìtàn, àárín nǹkan méjì ni ó wà. Ní apá kan ni Festac, ìlú tí a kọ́ fún àwọn àlejò tí ó wá sí àjọ̀dún ńlá ti iṣẹ́ ọnà àti àṣà àwọn ènìyàn dúdú, èyí tí a ṣe ní Èkó láti ọjọ́ 15 oṣù kìíní títí di ọjọ́ 12 oṣù kejì ọdún 1977. Ní apá kejì ni ọ̀nà tí ó lọ sí Àgbádárìgì, ọ̀kan nínú àwọn èbúté tí a ti kó ẹrú lọ sí òdìkejì òkun kí ẹnikẹ́ni tó ronú àjọ̀dún bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá ẹ̀yin ònkàwé sọ wà láàárín ìlọ yẹn àti àbọ̀ yìí. Ó dá lórí ohun kékeré kan tí akẹ́kọ̀ọ́ èdè Sípéènì máa ń kọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ rẹ̀, èyí ni orúkọ àwọn ẹ̀yà ara. Ẹlòmíràn lè béèrè pé, kí ni orí, ojú àti ẹsẹ̀ ní í ṣe pẹ̀lú ìtàn? Ìdáhùn mi ni pé nínú gbogbo ọ̀rọ̀ tí èdè Yorùbá àti èdè Sípéènì ti jọ ní í ṣe, àwọn orúkọ ẹ̀yà ara ni ó fi ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí wa hàn jù, àwọn náà ni ó sì kọ́ wa jù ní ohun tí èdè fi ń wà láàyè àti ohun tí èdè fi ń kú.

Nígbà tí mo ń kẹ́kọ̀ọ́ ní òkè òkun, mo jókòó nínú kíláàsì èdè Sípéènì kan láàárín àwọn tí Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ èdè àbínibí wọn. Ní ọjọ́ tí olùkọ́ wa kọ *me duele la cabeza* sí ojú pátákó, ó rú gbogbo wọn lójú. Ó pẹ́ kí olùkọ́ náà tó lè mú wọn gbà pé kì í ṣe ẹni tí ń ṣàìsàn ni olùwà gbólóhùn náà, pé orí gan-an ni ó ń ṣe ènìyàn ní nǹkan. Èmi kò rí ohun tí ó ṣòro níbẹ̀. Láti kékeré mi, n kò gbọ́ kí ìyá mi wí ohun mìíràn ju pé orí ń fọ́ òun. Orí ni olùwà. Ẹni tí orí ń fọ́ ni àbọ̀. Bí a bá wí pé “ẹsẹ̀ ń dùn mí,” ìlànà kan náà ni ará Sípéènì fi ń wí pé *me duele el pie*.

Ìjọra yìí kò túmọ̀ sí pé èdè méjèèjì jẹ́ ìbátan. Wọn kì í ṣe ìbátan rárá, kòǹgẹ́ ni. Ohun tí ó dùn mí ni pé mo ti dàgbà, mo ti gba oyè kan ní yunifásítì, kí n tó mọ̀ pé àwọn ọmọ Yorùbá ti kọ́ gbólóhùn yìí ní nǹkan bí igba ọdún ṣáájú mi, láìsí pátákó, láìsí ìwé, láìsí ẹni tí ó bi wọ́n bóyá wọ́n fẹ́ kọ́ ọ.

Báwo ni ó ṣe ṣẹlẹ̀? Ní ọdún 1791 ni àwọn ẹrú dìde sí àwọn ọ̀gá wọn ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Haiti lónìí, iṣẹ́ ṣúgà ibẹ̀ sì dàrú. Àwọn olówó Kúbà, tí Sípéènì ń ṣàkóso, rí àyè gbà. Wọ́n gbin ìrèké káàkiri, wọ́n sì ń wá ènìyàn tí yóò ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ní àkókò kan náà ni ilẹ̀ Yorùbá ń dàrú. Ogun Òwu jà ní àwọn ọdún 1820, ìjọba Ọ̀yọ́ ń fọ́, nígbà tí ó sì máa fi tó nǹkan bí ọdún 1836, Ọ̀yọ́ Ilé ti di ahoro. Àwọn tí ogun kó ni a tà sí etí òkun, ní Èkó, ní Àgbádárìgì àti ní Ouidah. Lóòótọ́, Sípéènì ti bá Gẹ̀ẹ́sì ṣe àdéhùn ní ọdún 1817 pé òwò ẹrú yóò dópin ní ọdún 1820, ṣùgbọ́n orí ìwé ni òpin náà wà. Àwọn oníṣòwò ń kó ẹrú wọ Kúbà ní ìkọ̀kọ̀ títí di àwọn ọdún 1860. Àwọn òpìtàn tí ó ti yẹ ìwé ìrìnnà ọkọ̀ wò ṣírò pé àwọn ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà tí a kó dé Kúbà ní gbogbo àkókò òwò náà lé ní 700,000. Àwọn tí ó ti ọ̀dọ̀ wa lọ nínú wọn ni a ń pè ní Lukumí.

Àwọn ọ̀gá ní orúkọ tí wọ́n ń pe ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Áfíríkà dé tí kò gbọ́ Sípéènì. *Bozal* ni wọ́n ń pè é. Ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n ń lò fún ohun tí a fi ń di ẹnu ajá kí ó má baà bu ènìyàn jẹ. N kò rò pé ó yẹ kí n ṣàlàyé jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tí ó ní Yorùbá lẹ́nu, tí ó lè pa òwe, tí ó lè ki oríkì ìdílé rẹ̀ láti òwúrọ̀ di alẹ́, òun ni a kà sí aláìlẹ́nu nítorí pé kò gbọ́ èdè ẹni tí ó rà á.

Àdéhùn ọdún 1817 yẹn ni ó bí ilé ẹjọ́ àjùmọ̀ṣe kan ní Havana, èyí tí àwọn adájọ́ Gẹ̀ẹ́sì àti ti Sípéènì jọ ń jókòó sí. Bí ọkọ̀ ogun bá mú ọkọ̀ tí ó kó ẹrú lòdì sí òfin, iwájú wọn ni a ń mú àwọn ènìyàn inú rẹ̀ wá. Láti ọdún 1824 títí di ọdún 1841, àwọn akọ̀wé ilé ẹjọ́ náà kọ orúkọ àwọn ènìyàn tí ó lé ní 10,000 sílẹ̀. Ìwé náà wà títí di òní. Wọ́n kọ orúkọ Sípéènì tí a fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, wọ́n kọ orúkọ tí ó ti ilé bọ̀, wọ́n kọ ẹ̀yà rẹ̀, ọjọ́ orí rẹ̀, bí ó ti ga tó, àti àmì ara rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n lò fún àmì náà ni *señales*.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ níbí. Ilà tí olóòlà kọ sí ojú ọmọ ní ilé baba rẹ̀, kí a lè mọ ìdílé rẹ̀ níbikíbi, ni akọ̀wé ń wò ní Havana kí ó lè mọ ènìyàn kan yàtọ̀ sí èkejì nínú ẹrù ọkọ̀. Àpá ọgbẹ́ ogun àti àpá ìgbóná lè bọ́ sí abẹ́ ọ̀rọ̀ kan náà. Ohun tí èyí fi yé wa ni pé kí àwọn baba wa tó fi ẹnu ara wọn pe orúkọ ẹ̀yà ara kan ní èdè Sípéènì, a ti fi èdè náà ka ẹ̀yà ara wọn. Ojú, iwájú orí, ẹ̀rẹ̀kẹ́, àyà àti apá ni a kọ́kọ́ sọ nípa wọn, lórí wọn, ní ojú wọn, nígbà tí wọn kò tí ì gbọ́ ohun tí a ń sọ. A sì pe àwọn wọ̀nyí ní ẹni òmìnira, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wọn ni a tún fi sí abẹ́ ọ̀gá láti sìn fún ọdún púpọ̀.

Lẹ́yìn èyí ni wọ́n wá kọ́ ọ̀rọ̀ náà fúnra wọn. Àwọn oko ìrèké ńlá ní ilé tí a ń tọ́jú aláìsàn sí, ẹni tí kò bá sì lè sọ ibi tí ń dùn ún, ta ni yóò gbà pé ara rẹ̀ kò yá? Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ̀sìn. Ní ọdún 1797, àlùfáà kan tí ń jẹ́ Nicolás Duque de Estrada tẹ ìwé kan jáde ní Havana, tí ó kọ́ àwọn àlùfáà bí a ti lè fi ẹ̀kọ́ Kristi yé àwọn *bozal*. Ní ìlànà àwọn ará Sípéènì, ẹni tí ó bá ń ṣe àmì àgbélébùú a máa ṣe é sí iwájú orí, sí ẹnu àti sí àyà. Nítorí náà, ẹni tí a ń kọ́ ní àdúrà, a ń kọ́ ọ ní *frente*, *boca* àti *pecho* pẹ̀lú. Ẹni tí ó bá mọ èdè náà dáadáa kúrò ní *bozal*, ó di *ladino*.

Bí ìtàn náà bá parí síbẹ̀, ìtàn ìpàdánù lásán ni ì bá jẹ́. Ṣùgbọ́n kò parí síbẹ̀. Àwọn Lukumí ní ẹgbẹ́ tiwọn ní ìlú, èyí tí ìjọba Sípéènì gbà láyè tí a ń pè ní *cabildo*. Nínú irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti ń lu ìlù, tí wọ́n ń sin òkú ara wọn, tí wọ́n sì ń bọ òrìṣà. Òwò ẹrú dópin, oko ẹrú pàápàá dópin ní Kúbà ní ọdún 1886, àwọn tí a bí ní ilẹ̀ Yorùbá sì kú tán. Àwọn ọmọ wọn àti ọmọ ọmọ wọn ń sọ Sípéènì nílé àti lọ́jà. Síbẹ̀, nígbà tí obìnrin ọmọ Kúbà kan tí ń jẹ́ Lydia Cabrera tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Lukumí rẹ̀ jáde ní Havana ní ọdún 1957, tí ó pe àkọlé rẹ̀ ní *Anagó*, àwọn ọ̀rọ̀ tí ó gbọ́ lẹ́nu àwọn àgbà kún inú rẹ̀ bámúbámú. Nínú ọ̀rọ̀ Lukumí, orí ń jẹ́ *orí* tàbí *erí*, ojú ń jẹ́ *oyú*, etí ń jẹ́ *etí*, imú ń jẹ́ *imú*, ẹnu ń jẹ́ *enú*, ẹsẹ̀ ń jẹ́ *esé*, ọkàn ń jẹ́ *okán*, ara ń jẹ́ *ará*. Kò sí ọmọ Yorùbá tí kò ní í mọ̀ wọ́n.

Kí ni ó pa wọ́n mọ́? Kì í ṣe ilé ẹ̀kọ́, kì í sì í ṣe ọba tàbí ìwé òfin. Iṣẹ́ tí a ń fi ọwọ́ ṣe sí ara ni ó pa wọ́n mọ́. Ní Kúbà títí di òní, ẹni tí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fi òrìṣà lé lórí ni a ń pè ní *iyawó*, gẹ́gẹ́ bí a ti ń pè é níhìn-ín ní ìyàwó òrìṣà, yóò sì wọ aṣọ funfun fún ọdún kan. Wọ́n ṣì ń bọ orí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ti fún un ní orúkọ Sípéènì, *rogación de cabeza*. Wọn a fi àgbọn, ẹfun àti òwú sí àtàrí ẹni náà, wọn a fi ọwọ́ kan ìpàkọ́, èjìká, ọwọ́, orúnkún àti ẹsẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí a ń pè nígbà tí ọwọ́ ń kan ara kì í tètè gbàgbé. Ohun tí *iyawó* bá sì kọ́, yóò kọ ọ́ sínú ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀, *libreta*, tí ó lè di ogún fún ẹni tí ó ń bọ̀ lẹ́yìn.

Àwọn ìwé wọ̀nyí ní àléébù, kò yẹ kí a bò ó mọ́lẹ̀. Fáwẹ̀lì márùn-ún péré ni Sípéènì ní, nítorí náà ẹ di e, ọ di o. Bí Sípéènì ti ń pe j yàtọ̀ sí tiwa, y ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀. Èyí tí ó burú jù ni pé àmì tí Sípéènì ń fi sórí lẹ́tà kì í ṣe àmì ohùn. Ibi tí a ó ti tẹ ọ̀rọ̀ ni ó ń fi hàn. Bí ohùn bá sì ti lọ, apá tí a fi ń ṣiṣẹ́ àti àpá tí ó wà lára kò yàtọ̀ mọ́. Ọwọ́, owó àti òwò di ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Bí mo bá rí *owo* nínú irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀, mo máa ń rántí pé ohun mẹ́ta yìí ni ó gbé ẹni tí ó kọ́kọ́ pe ọ̀rọ̀ náà dé Kúbà.

Mo ti gbọ́ tí àwọn kan nínú wa, àní àwọn ọ̀mọ̀wé pàápàá, ń rẹ́rìn-ín sí èdè Lukumí. Wọ́n ní Yorùbá tí ó ti bàjẹ́ ni. Ó yẹ kí a dá wọn lóhùn, nítorí ọ̀rọ̀ náà kan ìtàn. Ní ọdún 1821 ni a kó Ajayi Crowther lẹ́rú ní Òṣogùn. Ní ọdún 1822, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gba ọkọ̀ tí ó wà nínú rẹ̀, wọ́n sì gbé e lọ sí Sàró. Ilé ẹ̀kọ́ gbà á, ó di àlùfáà, ó sì tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde ní ọdún 1843. Ní ìlú Freetown kan náà ni ará Jámánì kan, Sigismund Koelle, ti jókòó ti àwọn tí a gbà lóko ẹrú, tí ó bi wọ́n ní nǹkan bí 300 ọ̀rọ̀ àti gbólóhùn kúkurú ní èdè ilé wọn, tí ó sì tẹ̀ wọ́n jáde ní ọdún 1854. Orí, irun, ojú, imú, etí, eyín àti ahọ́n wà nínú ohun tí ó bi wọ́n. Ìran kan náà ni àwọn ará Freetown àti àwọn ará Havana, ogun kan náà ni ó kó wọn. Ọkọ̀ tí a gbà àti ọkọ̀ tí a kò gbà ni ìyàtọ̀ wọn. Ní Freetown, àwọn ọ̀mọ̀wé kọ ọ̀rọ̀ wọn sílẹ̀ pẹ̀lú ìtọ́jú. Ní Havana, àwọn ni wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ fúnra wọn, lẹ́yìn ìran púpọ̀, pẹ̀lú lẹ́tà ẹni tí ó rà wọ́n. Ta ni ó yẹ kí a fi rẹ́rìn-ín nínú èyí?

Kí a tó rẹ́rìn-ín, kí a gbọ́ ẹnu àwọn ọmọ tiwa. Lọ sí Festac, lọ sí Abúlé Adó ní àkókò tí ilé ẹ̀kọ́ bá jáde, ìwọ yóò gbọ́ ọmọ Yorùbá tí ó ń wí fún ìyá rẹ̀ pé, “Leg ń dùn mí.” Ìlànà gbólóhùn náà jẹ́ Yorùbá síbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ti kúrò níbẹ̀. Ní Kúbà, òdìkejì rẹ̀ ni ó ṣẹlẹ̀: gbólóhùn di Sípéènì, ẹsẹ̀ kò kúrò. Àwọn tí a fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ dè pa ọ̀rọ̀ náà mọ́. Àwa tí ẹnikẹ́ni kò dè ń jọ̀wọ́ rẹ̀.

Èyí ni ó mú kí n wí pé ó yẹ kí a yí ọ̀nà tí a fi ń kọ́ ọmọ wa ní èdè àjèjì padà. Ìdí láti kọ́ Sípéènì kò jìnnà sí wa. Equatorial Guinea, aládùúgbò wa lórí omi, ń sọ ọ́. Ó sì wà lára àwọn èdè Ìṣọ̀kan Áfíríkà. Ṣùgbọ́n bí a bá ń kọ́ ọ, èé ṣe tí a fi ní láti gba inú Gẹ̀ẹ́sì kọjá nígbà tí ọ̀nà Yorùbá ṣe tààrà? Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀rọ̀ kan fún ìka ọwọ́, ó ní òmíràn fún ìka ẹsẹ̀. Yorùbá ní ìka, Sípéènì ní *dedo*. Àwa ń wí pé ìka ẹsẹ̀, àwọn ń wí pé *dedo del pie*. Gẹ̀ẹ́sì kò lè fọ ọwọ́ láìsọ ẹni tí ó ni ín. Àwa ń wí pé “mo fọwọ́,” àwọn ń wí pé *me lavo las manos*, kò sì sí “mi” lẹ́yìn ọwọ́ nínú méjèèjì.

Níbi tí ọ̀nà bá ti yà, kí olùkọ́ fi òwe hàn án. A ń wí pé ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Ọwọ́ kan ṣoṣo ni Yorùbá rí níbẹ̀. Ará Sípéènì yóò pín in sí méjì: *brazo* ni kò tó pẹpẹ, nítorí gígùn rẹ̀ ni a ń wí, *mano* ni kò wọ akèrègbè. Bákan náà ni ẹsẹ̀ pín sí *pierna* àti *pie*, tí ojú pín sí *ojo* àti *cara*, tí etí pín sí *oreja* tí a ń rí àti *oído* tí a fi ń gbọ́ràn. Kí ó sì kìlọ̀ fún ọmọ pé *mano* parí sí o bí ọ̀rọ̀ akọ, ṣùgbọ́n *la mano* ni wọ́n ń wí bí abo. Ọmọ tí ó bá kọ́ ọ báyìí yóò mọ Sípéènì, yóò sì tún mọ Yorùbá jù bí ó ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀ lọ.

Àwọn kan tilẹ̀ ti gbé Sípéènì padà wá sílé. Nínú àwọn Àgùdà tí ó padà sí Èkó ní ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, Brazil ni ọ̀pọ̀ ti wá, ṣùgbọ́n àwọn kan wá láti Kúbà. Campos Square ní Èkó ń jẹ́ orúkọ ìdílé kan tí ó ti Kúbà padà. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ni ó ń gba ibẹ̀ kọjá lójoojúmọ́ láìbéèrè orúkọ ta ni.

Ẹ̀yin olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́, iṣẹ́ yìí kọjá agbára ẹnì kan. Onímọ̀ Yorùbá nìkan kò lè ka ìwé Havana. Onímọ̀ Sípéènì nìkan kò lè gbọ́ ohùn tí ó sọnù nínú *libreta*. Òpìtàn nìkan kò sì lè sọ ìdí tí *erí* kò fi kú. Kí àwọn mẹ́ta jọ jókòó. Kí a fi ohùn padà sórí ọ̀rọ̀ àwọn ará wa, kí a sì fi ọ̀rọ̀ padà sẹ́nu àwọn ọmọ wa, nítorí ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dé orí.